Ọmọ Tí A Mú Wá Láti Ilé

Ẹ ó rí i láàárín ìròyìn ẹbí pé ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ẹni ogún ọdún, ń lọ sí ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá bá wa yọ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn kan bi mí pé, "Ìyá, iṣẹ́ wo ló ń lọ ṣe?" Mo ní ọmọ ló ń lọ bá wọn tọ́jú nílé òyìnbó. Ẹnìkan nínú wọn dákẹ́, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ fẹ́ kó lọ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi mọ̀ nípa ọmọ ọ̀dọ̀ ju ohun tí mo ti sọ fún ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ akọ̀wé wa pé kó fún mi láàyè nínú ìwé yìí, kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kí n sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe.

Orúkọ tí wọ́n ń pe irú àjò tí ọmọ mi ń lọ yìí ni au pair. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "lọ́gbọọgba" lọ: ẹni tó gbàlejò àti ẹni tó wá gbé jọ ń ṣe ara wọn lóore, kò sí ọ̀gá, kò sí ìránṣẹ́. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí ni wọ́n ti ń lò ó. Ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a lọ gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan ní ilẹ̀ Faransé, a máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èdè rẹ̀, àwọn náà a sì máa kọ́ ọ ní tiwọn. Ní Switzerland, níbi tí àwọn kan ti ń sọ èdè Jámánì tí àwọn mìíràn ń sọ Faransé, àwọn òbí a máa rán ọmọbìnrin tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ lọ lo ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè kejì, kó bá wọn tọ́jú ilé àti ọmọ, kó sì gbọ́ èdè náà bọ̀.

Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945, ọmọ ọ̀dọ̀ di ọ̀wọ́n ní Yúróòpù, nítorí àwọn ọmọ tálákà ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àwọn ìyá ilé bẹ̀rẹ̀ sí wá ọmọ láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn mìíràn sì ń fi orúkọ "lọ́gbọọgba" bo iṣẹ́ àṣekúdórógbó mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1969, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù kọ àdéhùn kan ní ìlú Strasbourg. Wọ́n ní ẹni tí yóò lọ kò gbọdọ̀ kéré sí ọdún 17, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 30 lọ. Ohun tí ìhà méjèèjì yóò ṣe fún ara wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Wọn yóò fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn, yàrá tirẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní máa ju wákàtí 5 lọ lójúmọ́. Ọjọ́ kan gbáko nínú ọ̀sẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Yóò ní àyè láti lọ kọ́ èdè àti láti lọ sin Ọlọ́run, yóò sì rí owó díẹ̀ gbà sápò.

Ṣùgbọ́n ìwé kò ní ojú. Ní 1998 ìjọba Philippines fòfin dè é pé kí ọmọ wọn má lọ ṣe au pair ní Yúróòpù mọ́, nítorí ìyà tí àwọn kan jẹ níbẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tú òfin náà sílẹ̀. Ní 2024 ni Norway náà dá gbígba àwọn tuntun láti ọ̀nà jíjìn dúró, nígbà tí wọ́n rí i pé iṣẹ́ owó pọ́ọ́kú ló ti dà nínú ilé àwọn olówó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa pé kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kò bí i. Àwọn baba wa ti ń ṣe é kí ojú irin tó dé Ọ̀fà. Ẹni tó rí i pé ìkẹ́ ìyá àgbà fẹ́ ba ọmọ òun jẹ́ a mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó le. Obìnrin tí kò rí ọmọ bí, wọ́n a fún un ní ọmọ àbúrò rẹ̀ kí ilé rẹ̀ má bàa dákẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò, wọ́n a fún un ní ọmọ kó kọ́ ọ. A sì mọ ìyàtọ̀. Ìwọ̀fà ni ẹni tí a fi dúró nítorí owó. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni èlé, títí ẹbí rẹ̀ yóò fi san gbèsè. Ọmọ àgbàtọ́ kì í ṣe ìwọ̀fà, kò sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó gbà á ló jẹ gbèsè: ó jẹ òbí ọmọ náà ní ènìyàn gidi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò bi í léèrè.

Wọn kì í kọ ìwé nígbà náà, nítorí ilé tí a mú ọmọ lọ kò jìnnà. Bí ọmọ bá rù, ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ lọ́jà. Bí wọ́n bá nà án jù, ẹnìkan lágboolé yóò bá wọn wí. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń bá a wò ó. Igba ojú wọ̀nyẹn ni ìwé àdéhùn wa.

Ọmọ ọdún 9 ni mí ní 1963 nígbà tí àbúrò ìyá mi wá mú mi ní Ọ̀fà. Ìyá Kàdúná ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna Textiles ní Kakuri, ilé iṣẹ́ aṣọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, èyí tó fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wa wá sí ìlú yìí. Òun fúnra rẹ̀ ń ta ọṣẹ, iyọ̀ àti kẹrosíìnì níwájú ilé. Ó ní ọmọ ọdún 4 kan àti ọmọ ọwọ́ kan, kò sí ìyá ọkọ nítòsí, kò sí orogún, kò sí ẹ̀gbọ́n tí yóò bá a pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ sí ìdálẹ̀ mọ ohun tí mo ń wí. Ohun tó sọ fún ìyá mi kò pọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ti ń fi Hausa dá mi lóhùn. Fún mi ní ẹni tí yóò máa sọ Yorùbá sí i létí, kó máa bá mi gbé kékeré náà. Èmi yóò rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́."

A wọ rélùwéè ní Ọ̀fà. Nígbà tí a dé orí afárá Jẹ́bà tí mo rí Odò Ọya nísàlẹ̀, mo bú sẹ́kún, mo rò pé ẹni tó bá kọjá omi tó tó báyìí kò lè padà mọ́. Ìyá Kàdúná kò bá mi wí. Ó ní, "Ọdọọdún ni ìwọ yóò máa kọjá lórí omi yìí lọ wo ìyá rẹ." Ó sì mú un ṣẹ.

Láàárọ̀, òun ló ń pọ̀n ọmọ rẹ̀ tajà, èmi a wà ní ilé ẹ̀kọ́. Bí mo bá dé ní ọ̀sán, mo ti jẹun, a tú ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, a gbé e sí mi lẹ́yìn. Abọ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ọmọ náà fi ń jẹun. Bí a bá ṣẹ̀, ẹgba kan náà ló ń nà wá. Bí ọdún bá dé, inú ìgàn aṣọ kan náà ni wọ́n ti ń gé tiwa. Mo kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní oríkì ilé wa. Àwọn náà kọ́ mi ní Hausa tí mo fi ń nájà títí di òní. Ẹ ò rí i pé ohun tí àwọn ará Switzerland ń ṣe náà nìyẹn. Ìyá Kàdúná kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Faransé kankan rí kó tó kú, ṣùgbọ́n lọ́gbọọgba ló bá mi lò. Ó rán mi títí mo fi di tíṣà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí èmi ṣe.

Ní 1984 mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhìn-ín. Àbíkẹ́yìn mi wà lọ́wọ́. Mo ránṣẹ́ sílé pé mo ń wá ọmọ, wọ́n ní kò sí, gbogbo ọmọ ẹbí ló wà ní ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin kan tó máa ń kó ọmọ wá láti abúlé ló bá mi mú ọ̀kan wá. Ọmọ ọdún 10 ni. N kò mọ ilé bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò mọ tèmi. Mo san owó fún obìnrin náà, mo sì ṣèlérí pé bí ọmọ mi bá ti lè rìn, ọmọbìnrin náà yóò wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ mi rìn. Ó sáré. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin náà ló ń gbé àpò ìwé rẹ̀ dé ẹnu géètì, tí yóò sì yí padà wálé. Lọ́dọọdún ni mo ń wí pé ó di ọdún tó ń bọ̀. N kò nà án, n kò sì fi ebi pa á, ohun tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo wa ló ń jẹun. Orí ẹní nínú ilé ìdáná ló ń sùn. Aṣọ tí kò bá gba àwọn ọmọ mi mọ́ ni aṣọ ọdún tirẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ náà fi tọmọ jẹ́ ẹ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an ní iṣẹ́ ẹrú.

Ní 1987 lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹnìkan ló bá a kọ ọ́. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n kà á fún un. Mo ka ìkíni. Mo kà á pé ara bàbá rẹ̀ ti yá. Mo wá dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kíláàsì kelòó ni ọmọ mi wà báyìí? Bàbá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé tíṣà ni yóò dà bíi tiyín." Mo fo ibẹ̀. Mo lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, mo ka ó dàbọ̀. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ó tán?" Mo ní ó tán. Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sínú Bíbélì.

Èmi tí wọ́n kọ́ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé kan náà ni mo fi rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ní 1989 àbúrò bàbá rẹ̀ wá mú un lọ. N kò rí i mọ́ fún ọdún púpọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé ibi tí ọ̀nà bá ti jìn tí ojú kò ká a mọ́ ni àṣà rere yìí ti ń bàjẹ́. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ. Wọn a polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọn a sì máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú tiwọn, ọmọ àgbàtọ́ ni. Lójú obìnrin òyìnbó náà, nígbà mìíràn iṣẹ́ owó ni, nígbà mìíràn ó rò pé ọmọ ti di tòun. Kò sẹ́ni tó jókòó sọ ọ́ yé ẹnìkejì. Òṣèré fíìmù nì, Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a bí ní 1967, kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí wọ́n fi gbé e fún òyìnbó ní Tilbury. Ó ti fi ìyà tó jẹ ṣe fíìmù, Farming, tó jáde ní 2018.

Ti Victoria Climbié ló burú jù. Ọmọ Ivory Coast ni, àǹtí bàbá rẹ̀ ló gbà á ní 1998 pé òun yóò fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù. Àwọn òbí rẹ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti gbà, nítorí pé ẹbí ni. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejì ọdún 2000 nítorí ìyà tí àǹtí náà àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé fi jẹ ẹ́. Ẹ̀wọ̀n gbére ni kóòtù dá fún wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹbí ni àǹtí náà. Orúkọ ẹbí nìkan kò tó. Ojú tó ń wo ọmọ ni kò sí níbẹ̀.

Òfin ti wà nílé wa báyìí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 kọ̀ kí a gba ọmọdé síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn òde ilé àti ẹbí rẹ̀, ìpínlẹ̀ Kàdúná sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọdé ní 2018. Òfin 2015 tó de gbígbé ènìyàn ṣòwò sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tó ọdún 12 síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ sì ni láti kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 9, láti 2004. Ká ní àwọn òfin wọ̀nyí wà ní 1984, èmi tíṣà ni wọn ìbá kọ́kọ́ mú.

Lọ́dún yìí, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Ọmọ-ọmọ mi mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá láti Jámánì, ó jókòó tì mí, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Yàrá tirẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi. Àyè láti lọ sí kíláàsì èdè. Bó ti ń kà á, mo ń wò ó bóyá yóò fo ibì kankan. Kò fo ibì kan. Ó ní, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

Ní ọjọ́ kẹta, àbíkẹ́yìn mi, ẹni tí ọmọbìnrin náà pọ̀n, wá bá mi. Nọ́ọ̀sì ni, òun náà ti ní ọmọ kékeré méjì, iṣẹ́ òru sì ń pa á. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wá ọmọ kan láti ilé." N kò lè dá a lóhùn. Mo mú Bíbélì mi, mo yọ lẹ́tà náà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

A wá ọmọbìnrin náà kàn ní Ìlọrin, níbi tó ti ń ta èlùbọ́. Ó ti di ìyá àgbà. Ó kúnlẹ̀ kí mi kí n tó lè dá a dúró. Mo sọ ohun tó gbé mi wá, mo sì ka lẹ́tà náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀, Àǹtí. Ìwé náà gùn ju ohun tí ẹ kà lọ." Ó ní ìyá òun ti kú, èrò rẹ̀ títí ó fi kú ni pé òun kàwé ní Kàdúná, òun kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wá ní kí n tún ibi tí mo fò níjelòó kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún un kà. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bi í. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó dì í mọ́ ìdí aṣọ, nítorí òun ló ni ín.

Àbíkẹ́yìn mi kò mú ọmọdé. Ó gba ọmọbìnrin ẹni ọdún 19 kan láti Ọ̀fà, tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama tó sì ń dúró de yunifásítì. Wọ́n kọ ìwé, ìyá ọmọ náà ní ọ̀kan, àwa ní ọ̀kan. Àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí, mo sì bẹ ẹ̀yin ará wa tó ń mú ènìyàn wá láti ilé pé kí ẹ gbà á lò.

Kí ẹni tó wá ṣiṣẹ́ jẹ́ àgbà, kó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó má ṣe gba ọwọ́ alágbàtà. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni a gbà tọ́, kó jẹ́ ọmọ ẹbí tí a mọ ilé rẹ̀, kó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó dé, kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀. Kó jẹ nínú ìkòkò tí a ti ń jẹ, nígbà tí a ń jẹ ẹ́. Kó ní ibi tó ń sùn sí àti àkókò tó jẹ́ tirẹ̀. Kó máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má dúró tì í. Kó máa lọ sílé lọ́dọọdún. Kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa sì mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ wò, nítorí níhìn-ín àwa ni igba ojú rẹ̀.

Ẹni tó bi mí léèrè níjọ́sí, ìdáhùn mi rèé. Bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ ni tàbí ọmọ, ọwọ́ ẹni tó gbà á ló wà. Ẹ bá mi gbàdúrà pé kí àwọn ará Jámánì tí ọmọ mi ń lọ bá jẹ́ irú Ìyá Kàdúná, kí wọ́n má jẹ́ irú mi.